Ẹṣin Tí Kò Dùbúlẹ̀ Lórí Rọ́bà Mi

Ọ̀sán gangan ni abo ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Àlàáfíà ṣubú lójú mi. Kò sí ẹni tó tì í, kò sì fẹsẹ̀ kọ nǹkan kan. Ó dúró nínú yàrá rẹ̀, lórí rọ́bà tuntun tí èmi fúnra mi tẹ́, ojú rẹ̀ ń pa dé díẹ̀díẹ̀ bí ojú ọmọ tí oorun ń kùn. Orí rẹ̀ wálẹ̀, etí rẹ̀ wálẹ̀, lẹ́yìn náà ni eékún iwájú méjèèjì yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ara ńlá yẹn sì wó lulẹ̀. Kí n tó lè la ẹnu, ó ti fò dìde, ó ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lójú eékún rẹ̀, ó sì ti fi ẹ̀gbẹ́ ti ògiri. Kò wo ojú wa. Àárín yàrá náà ló tẹjú mọ́, níbi tí kò sí nǹkan kan.

"Oorun ló ń pa á," ni Sabi wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Kò tíì dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti kó wọn dé ibí, Ìyá Rọ́bà. Ẹṣin lè tòògbé lórí ìdúró, ṣùgbọ́n kò lè sùn wọra àfi tó bá dùbúlẹ̀. Báyìí ni yóò máa ṣubú títí tí yóò fi ṣẹ́ ẹsẹ̀."

Sabi ni olùtọ́jú àwọn ẹṣin náà. Bàrùbá ni, láti apá Pàràkú, ó sì gbọ́ Yorùbá wa dáadáa, nítorí Nàgó ni ìyàwó rẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí Àlàáfíà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí, kò sunkún, ṣùgbọ́n ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ léraléra, ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Mádàámù tó ni ilé ẹṣin náà ti sọ tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, Àlàáfíà ṣubú létí òkun pẹ̀lú ọmọdé kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọmọ náà, orí iyanrìn ló bọ́ sí. Mádàámù ní òun kò lè dúró de ẹlẹ́ẹ̀kejì. Dókítà ẹran ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ẹṣin náà kò bá tíì dùbúlẹ̀ títí di ìgbà náà, wọn yóò fún un ní abẹ́rẹ́ tí ẹran kì í jí lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ Ajé sì ni ọjọ́ tí mo ń sọ yìí.

Rọ́bà ni iṣẹ́ mi. Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni mí, ṣùgbọ́n Akpakpa ni mo dàgbà sí, nínú ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyá mi tó ń ta tapí onírọ́bà. Nígbà náà, pálọ̀ àwọn èèyàn là ń tẹ́ ẹ sí, èyí tó ní òdòdó lára, tí ọmọ bá da ọbẹ̀ sí i, àkísà á nù ún kúrò. Nígbà tó yá ni iṣẹ́ di ńlá: ilé ìwòsàn, ibi tí àwọn géńdé ti ń gbé irin, ibi ìṣeré àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tí àbúrò ìyá mi kú, mo jogún ṣọ́ọ̀bù, mo jogún ọ̀bẹ, mo sì jogún orúkọ. Bàbá Rọ́bà ni wọ́n ń pe òun. Wọ́n sọ èmi di Ìyá Rọ́bà nígbà tí n kò tíì bímọ kankan.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Kó tó bá oníbàárà sọ ọ̀rọ̀ ọjà, yóò bọ́ bàtà, yóò di ojú, yóò sì máa fi gìgísẹ̀ rìn káàkiri ilẹ̀ náà bí ẹni tó ń wá ẹyin adìyẹ nínú òkùnkùn. Àwọn mìíràn á rò pé orí rẹ̀ ti dà rú. Ó ní ojú a máa tan èèyàn jẹ nípa ilẹ̀, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ kì í parọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbàgbé láti ṣe bẹ́ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, nítorí pé obìnrin náà lẹ́wà, ó sì ń bu ọtí fún un. Nígbà tí òjò dé, obìnrin náà ránṣẹ́ pè é pé kó wá wo rọ́bà rẹ̀, pé ó ti ń lúwẹ̀ẹ́. A débẹ̀, a bá a tó léfòó lóòótọ́, pẹ̀lú àga lórí rẹ̀. Títí ó fi kú, ẹni tó bá fẹ́ mú un bínú kò ní ju kó béèrè ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Mádàámù pè mí wá sí Fidjrossè, n kò tíì tẹ́ rọ́bà fún ẹṣin rí. Ilé àtijọ́ kan ló rà nítòsí òkun, ilé ẹbí tí wọ́n kọ́ ní gbọọrọ, yàrá tẹ̀lé yàrá. Ó wó ògiri iwájú, ó fi ilẹ̀kùn onígi sí i, ó sì sọ yàrá kọ̀ọ̀kan di ti ẹṣin kan. Sìmẹ́ǹtì ló wà nílẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kò dára fún ẹṣin: ó le fún oríkèé ẹsẹ̀, ó tutù fún ẹ̀gbẹ́, ìtọ̀ sì máa ń dúró lójú rẹ̀. Mádàámù gbà pé sìmẹ́ǹtì náà ló fà á tí Àlàáfíà kò fi dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wọn débẹ̀. Nítorí ẹṣin kan yìí ló ṣe pè mí. Àwọn yòókù kàn bá a jẹ nínú rẹ̀ ni.

Ó ti rí èyí tó wù ú kí n tó dé, bẹ́líìtì àlòkù tí ẹ̀rọ fi ń kó òkúta ní ilé iṣẹ́ kan. Mo ní, "Mádàámù, okùn irin wà nínú eléyìí. Bí pátákò bá gbo ó dé ibẹ̀, irin á yọ síta."

Ó ní, "Dákọ̀, mo gbọ́. Èwo ni kí n rà?"

Mo ní kó jẹ́ kí n wo ilẹ̀ ná. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Mo kó oríṣiríṣi rọ́bà wá láti Akpakpa, mo sì tẹ́ wọn sínú oòrùn àgbàlá rẹ̀. A máa ń gbóòórùn rọ́bà. Èyí tó bá ń ta ni nímú bí ẹ̀ńjìnnì tó ń jó, a kì í tẹ́ ẹ síbi tí ẹ̀dá ń sùn. A máa ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí ojú èékánná bá pẹ́ lára rẹ̀, ó ti rọ̀ jù, pátákò á máa rì, iṣan ẹsẹ̀ ẹṣin á sì máa fà. Bí kò bá gba èékánná rárá, sìmẹ́ǹtì dúdú lẹ rà. Èyí tí mo yàn nípọn tó ìka méjì tí a so pọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ní ojú ipa tóóró tí ìtọ̀ ń gbà sá lọ sí gọ́tà, etí rẹ̀ sì ní eyín tí ọ̀kan fi ń di èkejì mú, tí a kò fi nílò gọ́ọ̀mù. A máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, nítorí rọ́bà a máa nà nínú ooru. Ẹni tí kò bá mọ èyí, rọ́bà rẹ̀ á wú bí àkàrà, àwọn èèyàn á sì máa fẹsẹ̀ kọ ọ́ títí ayé.

Yàrá ìkẹyìn, èyí tó súnmọ́ òkun jù, ni ti Àlàáfíà. Gìgísẹ̀ mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ní àárín rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ń dún bí ìkòkò òfìfo. Mo ní kí àwọn alágbàṣe mi méjèèjì fọ́ ọ. Iyanrìn dúdú la bá lábẹ́ rẹ̀, ó rọ̀, ó sì tutù, kò jọ iyanrìn funfun tó wà káàkiri àdúgbò yẹn. A bu díẹ̀ kúrò, a kó amọ̀ pupa sí i, a lù ú títí tó fi le. Mo fi nífò, irinṣẹ́ tí a fi ń mọ ilẹ̀ tó tẹ́, wò ó: ó tẹ́ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ọ̀nà gọ́tà. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ rọ́bà mi.

Ọ̀sán ọjọ́ tí a parí, mo rí ohun tí n kò rí rí. Àwọn ẹṣin yòókù ń dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹran ńlá báwọ̀nyí, wọ́n ń mí kanlẹ̀, àwọn mìíràn na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Mádàámù di mọ́ mi. Inú mi dùn gan-an, n kò ní purọ́. Àlàáfíà nìkan ló dúró. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ti ògiri, ó na ọrùn, ó ń wo àárín yàrá náà. Sabi ní rọ́bà kò tíì mọ́ ọn lára ni. A fún un lọ́jọ́ díẹ̀, a tún fún un lọ́jọ́ díẹ̀ sí i. Ó ṣubú pẹ̀lú ọmọdé létí òkun, lẹ́yìn náà ló wá ṣubú lójú mi.

Nígbà tí Sabi fọ egbò náà tán lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo bọ́ bàtà, mo wọlé tọ ẹṣin náà lọ. Ibi tó ń wò ni mo gbẹ́sẹ̀ lé. Gìgísẹ̀ mi rì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ tọ etí ibi tó rì náà. Ó gùn tó ènìyàn, ó fẹ̀ tó ẹní, etí rẹ̀ sì tọ́ bí ibi tí a fi okùn wọ̀n.

Rọ́bà tuntun a máa gbóná lọ́sàn-án, a sì máa rùn. Gbogbo yàrá náà ń rùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ imú mọ́ ibẹ̀, kò rùn rárá, ó sì tutù bí ìdí àmù. Mo ká rọ́bà náà sókè. Amọ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀ gbẹ táútáú. Rọ́bà ló tutù. Abẹ́ rẹ̀ ní ìrì lára, bí gíláàsì tí èèyàn mí sí, ìrì náà kò sì kọjá etí ibi tó rì.

Mo sọ fún Sabi pé omi ilẹ̀ ni, pé òkun kò jìnnà. Èmi fúnra mi kò gbà á gbọ́, nítorí omi tó bá ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ á rin amọ̀ kó tó kan rọ́bà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kó amọ̀ mìíràn wá, a dí i, a lù ú, mo fi nífò wò ó. Mo tún dúró lé e lórí, mo ń fò sókè, èmi tí mo sanra tó báyìí, kò mì. Lọ́jọ́rú, ó ti rì padà, bákan náà, kò dín, kò lé. Amọ̀ tí a kó sí i, àfi bí ẹni pé ẹnì kan gbé e jẹ. Àwọn alágbàṣe mi wò ó, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní àwọn rántí iṣẹ́ kan ní Akpakpa. Ojo ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé láti jẹun kí wọ́n tó lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá náà. Àlàáfíà ń mí sí mi lórí, ó ń mì, ojú rẹ̀ pọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ilé bàbá àgbà mi ní Pọ́bẹ̀. Ní ilé wa, a kì í gbé àgbà tó kú jìnnà. Inú yàrá rẹ̀ la ń sin ín sí, a ó sì máa gbé inú ilé náà lọ. Ilẹ̀ yàrá bàbá àgbà mi a máa rì díẹ̀ nígbà òjò, bàbá mi a sì máa bu amọ̀ sí i, yóò máa kí i bó ṣe ń lù ú. Bó ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó, òun náà ni mo ń wò ní Fidjrossè yìí.

Mo lọ bá Mádàámù. Mo ní, "Mádàámù, ta ló sùn sí yàrá ìkẹyìn?"

Ó ní, "Ṣé Sabi ti ń sùn síbẹ̀ ni?"

"Ẹni tó ti kú ni mò ń béèrè."

Ọmọ Abomey ni Mádàámù, wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sin òkú sílé lọ́dọ̀ wọn. Ó ní nígbà tí òun fẹ́ ra ilé náà, òun béèrè lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin ẹbí tó tà á, wọ́n ní kò sí nǹkan kan nílẹ̀. Ó tún fi fóònù pè wọ́n níwájú mi. Ẹni tó gbé e ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gbọ́ ìtàn, ká lọ bá ẹ̀gbọ́n àwọn tó jẹ́ obìnrin ní Agblangandan, pé òun ló ń fi ọ̀rọ̀ ilé yẹn yọ gbogbo àwọn lẹ́nu. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gun ọ̀kadà zémìjáàn lọ sí Agblangandan. Ìyá Fẹ́lísì ni wọ́n ń pe ìyá arúgbó náà. Ọmọ Gun ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin Nàgó ará Sàkété ló fẹ́ ẹ, Nàgó ló sì fi dá mi lóhùn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀pà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú.

"Ẹ kú ilé, ìyá."

"Kú àbọ̀. Ta ló rán ọ?"

Mo fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹṣin ló rán mi, ìyá."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀, ó ní, "Ó ń dúró, àbí?"

N kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Àwọn àbúrò rẹ̀ tó ta ilé kò mọ ohun tó ń ṣe ẹṣin, Mádàámù kò sì sọ ọ́ lórí fóònù. Mo fà sẹ́yìn, mo di ògiri mú.

"Ìyá mi ló wà níbẹ̀," ni Ìyá Fẹ́lísì wí. "Yàrá rẹ̀ ni. Òun ló ní kí wọ́n sin òun síbẹ̀, pé òun fẹ́ máa gbọ́ òkun. A kò fi í sílẹ̀ lóun nìkan rí. Èmi ni mo ń sùn tì í títí mo fi relé ọkọ, lẹ́yìn mi ni àbúrò mi, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ àbúrò mi. Bí a bá ń sùn tì í, ilẹ̀ á dákẹ́. Nígbà tí mo wà lórí àìsàn ni wọ́n ta ilé. Wọ́n ṣí kàró, táìlì funfun tó wà lójú ibojì, wọ́n da sìmẹ́ǹtì lé e."

"Ṣé ẹ̀rù rẹ̀ ló ń ba ẹṣin náà ni?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ẹran náà rí i pé kò sí ẹni tó sùn ti àgbà. Ó ń bá a ṣọ́nà ni. Ta ni yóò dùbúlẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo bi í bóyá kí a hú egungun náà, kí a gbé e lọ síbi tó yẹ. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó sọ̀sọkúsọ, ó ní, "Ìyá mi kì í ṣe àga. Ẹ wá gbé mi lọ́la."

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí mo mú un dé Fidjrossè, dókítà ẹran ti wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì kan, ó gbé àpò rẹ̀ sórí bẹ́ńṣì. Sabi jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìkẹyìn, ìjánu Àlàáfíà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbé ojú sókè. Mádàámù fa àgbélébùú ọrùn rẹ̀ mú. Ó ní onígbàgbọ́ ni òun, òun kò fẹ́ ìrúbọ kankan nínú ilé òun. Ìyá Fẹ́lísì ní kì í ṣe ìrúbọ ni òun wá ṣe, oorun ni òun wá sùn.

Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tó wú yẹn tẹ rọ́bà wò, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó rọ̀." Lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó rì, ó kọjú sí i, ó fi apá ṣe ìrọ̀rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Gun, jẹ́jẹ́, láìyára. Ẹni tó dàgbà ní Akpakpa gbọ́ Gun, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe àdúrà, kì í ṣe ọfọ̀. Ó ń ròyìn fún ìyá rẹ̀ nípa ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ẹni tó lọ sí Libreville tí kò tíì padà, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń tà báyìí tí kò kan mọ́. Ó sọ pé òun ṣàìsàn, kó má bínú. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, títí tó fi dákẹ́, a sì gbọ́ tó ń hanrun.

Etí Àlàáfíà yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹṣin náà gbé ojú kúrò nílẹ̀. Ó kúrò lára ògiri, ó ń bọ̀ wá sí ibi tí ìyá arúgbó náà sùn sí, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Dókítà ní, "Yóò tẹ̀ ẹ́ pa," ó fẹ́ wọlé. Sabi di apá aṣọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́." Ẹṣin náà gbóòórùn irun ìyá náà. Ó yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ eékún iwájú tó bó náà, ó ké díẹ̀ nítorí ìrora, ó sì gbé gbogbo ara rẹ̀ lélẹ̀ sẹ́yìn Ìyá Fẹ́lísì, ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn. Ó mí kanlẹ̀ débi pé koríko fò lẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta pútúpútú, bí ti ẹran tó ń lá àlá.

Sabi wá sunkún wàyí. Dókítà gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ńṣì, ó ní òun yóò padà wá wo eékún náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mádàámù lọ gbé ìrọ̀rí wá láti ọ́fíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìgboyà láti wọlé gbé e sábẹ́ orí ìyá náà. Èmi ni mo gbé e wọlé.

Nígbà tí Ìyá Fẹ́lísì jí, ó ní kò pọn dandan kó jẹ́ òun. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkàn rere lè sùn ti àgbà, kó ṣáà ti kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ kí ẹran tó dùbúlẹ̀. Mo bi í bóyá kí n gé rọ́bà kúrò lójú ibojì náà. Ó ní, "Kí ló dé tí wàá fi gé e? Ṣé ẹṣin nìkan ló ní ẹ̀yìn ni?"

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sán ọ̀sán ni Sabi ń ká ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá ìkẹyìn. Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi sú wọn. Eékún Àlàáfíà jinná, irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán, àwọn ọmọ sì tún ń gùn ún létí òkun. Mo ká rọ́bà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Amọ̀ ti kún, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ni n kò bu ẹyọ kan kún un.

Nígbà tí àbúrò Sabi fẹ́ gbéyàwó ní Pàràkú, Sabi wá bá mi ní Akpakpa pé kí n lọ sùn síbẹ̀ dípò òun. Ibà ti gbé Ìyá Fẹ́lísì dè, Mádàámù ní òun kò lè sùn síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. Mo ní, "Rọ́bà ni mò ń tà, Sabi, n kì í ta oorun." Ó kàn dúró, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Mo lọ.

Mo dùbúlẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi, bí Ìyá Fẹ́lísì ṣe dùbúlẹ̀, mo kọjú sí ibẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Àlàáfíà dé, ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn mi, ooru ara rẹ̀ gbà mí, ó sì sùn lọ kíá. Mo wá gbọ́ mímí tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo rò pé òkun ni. Mo rò pé ẹṣin ni. Mo na ọwọ́, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé rọ́bà tó wà níwájú mi, ó sì ń lọ sókè díẹ̀, ó ń wálẹ̀ díẹ̀. Mo ti ń ta rọ́bà láti kékeré. Rọ́bà kì í mí.

Mo fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde, ẹṣin á dìde. Mo dúró síbẹ̀. Mo bi ìyá tó wà nísàlẹ̀ náà ní ohun tí mo máa ń bi gbogbo oníbàárà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo tẹ́ ẹ. Ṣé ó rọ̀ yín lára?"

Ilẹ̀ mì díẹ̀ níwájú mi, bí ìgbà tí ẹni tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan bá sún kó lè fún ni láyè. Mo sún mọ́ ọn, mo sì sùn.